Bí mo ṣe tú gọ́ọ̀mù àtijọ́ lára ère tánganran Faransé

Àmì J.P. aláwọ̀ búlúù ti Jacob Petit, ará Faransé tó ń ṣe tánganran, wà nísàlẹ̀ ère obìnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ ti kán rí. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ti pọ́n bí oyin, ó sì ń dùn mí bí mo bá ti wò ó.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ kò ràn án. Asítóònù, omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, kàn mú un rọ̀ díẹ̀ ni.

Spírítì ló ṣe é. Mo rẹ òwú sínú rẹ̀, mo fi yí ojú ibi tó kán ká, mo fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò ó fún wákàtí mẹ́rin. Ọwọ́ náà yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Shellac, oje kòkòrò tí spírítì máa ń yọ́, ni gọ́ọ̀mù ọ̀hún. Mi ò jẹ́ kí òwú kan góòlù etí aṣọ rẹ̀, ó tètè ń ṣí.

Paraloid B-72, gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń tún ohun àtijọ́ ṣe máa ń lò, ni mo fi lẹ̀ ẹ́ padà. Bó bá jẹ́ epoxy, gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n ń po oríṣi méjì pọ̀ ṣe, ló wà lára tìrẹ, spírítì lè má tú u.