Gàrí láti Ìjẹ̀bú-Òde dé ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó: bí ẹ ṣe lè pín in kí owó yín má há sọ́nà

Ohun tó ń dá òwò gàrí inú ọ̀rá dúró kì í sábà jẹ́ àìtà. Ọjà máa ń tà. Owó rẹ̀ ló máa ń wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́jọ́ tó yẹ kí ẹ tún ra gàrí. Torí náà, kí ẹ tó wá ọkọ̀, kí ẹ tó tẹ orúkọ sára ọ̀rá, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa tà á fún àti iye ọjọ́ tí owó rẹ̀ ń lò kó tó wọlé.

Ta ni yóò bá yín tà á?

Alágbàtà tó wà ní Mushin, Oyíngbó tàbí Ìyànà Ìpájà ń fẹ́ àpò ńlá 50 kg. Kóńgò ni yóò fi wọ̀n ọ́n fún oníbàárà, orúkọ yín kò sì ní hàn níbẹ̀. Èrè orí kílò kan kéré, àmọ́ owó ń tètè padà. Ṣọ́ọ̀bù àdúgbò á kọ́kọ́ gba ọ̀rá 10 sí 20, á sì san owó èyí tó tà nígbà tí ẹ bá tún gbé òmíràn wá. Súpámákẹ́ẹ̀tì á béèrè nọ́ńbà NAFDAC àti bákóòdù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sanwó kí oṣù kan tó pé, wọ́n sì lè dá èyí tí kò tà padà fún yín.

Ká ní ọ̀rá 2 kg kan ti ná yín ní ₦2,000 kó tó dé ẹnu ọ̀nà súpámákẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń gba 100 lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń sanwó ẹrù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ọjọ́ 30. Kí owó ẹrù àkọ́kọ́ tó wọlé, ẹ ó ti gbé ẹrù lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọ̀rá 500 nìyẹn, mílíọ̀nù kan náírà tí kò sí lọ́wọ́ yín. Ẹni tí gbogbo owó òwò rẹ̀ kò ju ₦1,500,000 lọ kò gbọdọ̀ gba irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ méjì. Ní tiwa, alágbàtà kan tàbí méjì, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù bí 15 ní àdúgbò kan ṣoṣo, ni ìbẹ̀rẹ̀ tó dáa. Ṣọ́ọ̀bù 15 tó wà káàkiri Èkó yàtọ̀ pátápátá: owó epo ni yóò jẹ èrè.

Iye owó: láti ìsàlẹ̀ lọ sókè

Iye tí ẹni tó máa jẹ ẹ́ yóò san ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní ₦3,000 ni. Ṣọ́ọ̀bù fẹ́ jèrè ₦450, torí náà ₦2,550 ni yóò rà á. Tí alágbàtà bá wà láàárín, tó sì fẹ́ ₦250, ₦2,300 ni yóò rà á lọ́wọ́ yín. Ẹ yọ ₦2,000 tí ẹ ná, ó ku ₦300. Inú rẹ̀ ni ọ̀rá tó ya, gbèsè tí kò padà àti owó fóònù máa ti jáde. Tí ẹ bá ń gbé e fún ṣọ́ọ̀bù fúnra yín, ₦250 alágbàtà di tiyín, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ náà di tiyín: ọkọ̀, àwìn, àti gbèsè tí ẹ ó máa sìn.

Ẹ má ta ₦2,300 fún ẹni tó ya ilé yín ra ọ̀rá kan. Ìyá tó ń tà á ní ₦3,000 á gbọ́, kò sì ní gba ọjà yín mọ́. Ẹni tó bá ra iye tí alágbàtà ń rà nìkan ni kó gba owó alágbàtà.

Dídì

Gàrí tó bá gbóná wọ inú ọ̀rá ti bàjẹ́ nìyẹn. Ooru rẹ̀ á di omi sára ọ̀rá, èbù á sì hù sí i kó tó pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ tẹ́ ẹ títí yóò fi tutù pátápátá. Omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 12% lọ. Tí kò bá sí ẹ̀rọ tí ẹ lè fi wọ̀n ọ́n, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́: tó bá dìpọ̀, ó tún kù kó gbẹ. Ẹ gbé òfìfo ọ̀rá sórí òṣùwọ̀n kí ẹ dá a padà sí òdo, kí 2 kg tí ẹ kọ jẹ́ ti gàrí nìkan. Lára ọ̀rá ni nọ́ńbà NAFDAC, àdírẹ́sì, ọjọ́ tí ẹ ṣe é, ọjọ́ tí kò ní ṣeé jẹ mọ́ àti nọ́ńbà ìpele (nọ́ńbà kan náà fún gbogbo ọ̀rá tí ẹ jọ dì lẹ́ẹ̀kan) máa wà. Ẹ wá kó ọ̀rá 10 sínú àpò kan: 20 kg, alábàárù kan á gbé e láìjù ú nílẹ̀.

Ọkọ̀ àti ojú ọ̀nà

Owó ọkọ̀ wà lórí kílò. Ọkọ̀ tó gba ₦60,000, tó sì kó 1,000 kg, ₦60 ló gbà lórí kílò kan. Tó bá kó 500 kg, ó di ₦120, ìyẹn ni pé ₦120 tún lọ nínú ₦300 orí ọ̀rá 2 kg kan. Ẹ dúró kó kún, tàbí kí ẹ bá aládùúgbò tó ń gbé ẹ̀wà tàbí èlùbọ́ pa owó pọ̀. Ẹ má bá ẹlẹ́ja, oníkẹrosíìnì tàbí ọlọ́ṣẹ kó o pọ̀ o. Gàrí ń gba òórùn, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Ẹrù Ajah àti Lekki, ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ló yá. Ti Ìkẹjà àti Mushin, ẹ gba Ṣàgámù bọ́ sí Márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, kí ẹ sì ti kọjá Berger kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹ yẹra fún Fráídè àkọ́kọ́ nínú oṣù: àwọn tó ń lọ sí Redemption City máa ń di ọ̀nà pa ní agbègbè Mówé. Ẹrù ibi tí ẹ máa dé kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kó wọ ọkọ̀, kí ẹ sì fi tapólì bò ó, àní lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn.

Wéébìlì, ìyẹn ìwé tó ń bá ẹrù rìn, mẹ́ta ni: ti awakọ̀, ti ẹni tó gba ẹrù, ti yín. Ẹni tó gbà á á kà á lójú awakọ̀, á kọ iye, á sì buwọ́ lù ú. Ẹrù tó dín láìsí ìwé, kò sẹ́ni tó máa gbà pé òun ló kó o. Tí ó bá jẹ́ owó báǹkì ni wọ́n fẹ́ san, ẹ má gba alẹ́ẹ̀tì gbọ́. Ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì kí awakọ̀ tó kúrò níbẹ̀.

Sítọ́ọ̀ àti ìgbà tó yẹ kí ẹ tún gbé wá

Ẹ gbé àpò sórí pákó tó ga tó 15 cm, kó jìnnà sí ògiri ní nǹkan bí 50 cm. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Ẹ ya ìwé kan fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá ń ta 6 lójúmọ́, tí ẹrù yín sì ń lo ọjọ́ 4 kó tó dé, 24 ni yóò tà kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ fi ti ọjọ́ 2 lé e nítorí ojú ọ̀nà. Nígbà tó bá ku 36 ni kí wọ́n pè yín, kì í ṣe nígbà tó bá tán. Pẹpẹ tó ṣófo fún ọjọ́ mẹ́ta, gàrí ẹlòmíràn ni ẹ máa bá níbẹ̀.

Èyí tí wọ́n bá dá padà, ẹ má dà á mọ́ tuntun. Tó bá jẹ́ ọ̀rá nìkan ló ya, tí gàrí rẹ̀ ṣì gbẹ, tí kòkòrò kò sì wọ inú rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ tà á ní kóńgò, nílé tiyín, fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀bà jẹ. Èyí tó bá ti hu èbù, ẹ dà á nù, kí ẹ sì wo nọ́ńbà ìpele rẹ̀: tí ìpele kan náà bá padà láti ṣọ́ọ̀bù méjì, ẹ lọ kó ìyókù rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ gbogbo ibi tó kù lọ́jọ́ náà.