Wọ́n yọ owó géèmù lórí káàdì mi láìgbàṣẹ: ṣé kí n pè wọ́n lẹ́jọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kalifóníà ní Amẹ́ríkà ni mo ń gbé. Ilé iṣẹ́ géèmù kan yọ dọ́là 49.99 lórí káàdì kírẹ́díìtì mi, ẹ̀ẹ̀mẹfà lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n láwọn kì í dá owó padà. Ṣé kí n gba kóòtù lọ?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Báńkì tó ni káàdì náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ọjọ́ 60 ni òfin fún yín, láti ìgbà tí wọ́n ti fi ìwé ìṣirò tí owó náà kọ́kọ́ hàn nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ o, ẹ má fi mọ sórí fóònù. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló lo káàdì yín láìgbàṣẹ, ohun tó máa kàn yín kò lè ju dọ́là 50 lọ. Ẹ tètè ya àwòrán gbogbo ohun tó wà nínú àkáǹtì géèmù náà. Wọ́n lè tì í pa tí báńkì bá gbowó padà, ẹ̀rí yín á sì bá a lọ.

Ìbéèrè: Báńkì ní tábúlẹ́ẹ̀tì ilé mi ni wọ́n fi rà á. Ọmọ mi ọdún mẹ́sàn-án ló ń lò ó.

Ìdáhùn: Ibí gan-an ló ti le. Adájọ́ á bi yín pé ta ló tẹ nọ́ńbà káàdì sínú ẹ̀rọ náà. Bó bá ṣe ẹ̀yin ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi hàn án bóyá géèmù yẹn béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kó tó gbowó, àbí bọ́tìnnì kan péré lọmọ tẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré: ní December 2022, Epic Games, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù Fortnite, gbà láti san mílíọ̀nù 245 dọ́là, lẹ́yìn tí FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, fẹ̀sùn kàn wọ́n pé àwọn ọmọdé ń rajà níbẹ̀ láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i.

Ìbéèrè: Àdéhùn wọn ní onílàjà ni ká lọ bá, kì í ṣe kóòtù.

Ìdáhùn: Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ló gbà kéèyàn lọ sí kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré. Ní Kalifóníà, ẹnì kan lè béèrè tó dọ́là 12,500 níbẹ̀, lọ́yà kì í sì í bá èèyàn rojọ́. Ẹ má fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́ sí ímeèlì àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Ẹ wá orúkọ aṣojú tí ilé iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, kí ìwé dé ọwọ́ ẹni yẹn. Kẹ́ ẹ sì tẹ gbogbo rìsíìtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ìwé, kẹ́ ẹ fàlà sábẹ́ aago tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.