Ẹ má tẹ Next láì kà á: àṣìṣe tó ń ba server Linux jẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù

Kò pọn dandan kí ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ server máa sanwó oṣooṣù fún ẹnikẹ́ni. Láptọ́ọ̀pù tó ní RAM 8 GB, VirtualBox, ètò ọ̀fẹ́ tó ń dá kọ̀ǹpútà kan sínú òmíràn, àti fáìlì ISO (èyí tí a fi ń gbé ètò kalẹ̀) ti Ubuntu Server 24.04, ẹ̀yà Linux kan, tó jẹ́ nǹkan bíi 3 GB, ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Windows yín ò ní yí padà. Inú fèrèsé kan lójú rẹ̀ ni server náà á ti máa ṣiṣẹ́, bí ẹ bá sì bà á jẹ́, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ gbé òmíràn kalẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí àwọn tó jáwọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ àṣẹ Linux kan ṣoṣo. Linux kọ́ ló lé wọn. Àwọn ojú-ewé tí wọ́n tẹ Next kọjá lórí wọn láì kà ló fà á, wàhálà náà kì í sì í yọjú lójú ẹsẹ̀.

Kí server tó tan

Bí VirtualBox bá sọ pé VT-x, agbára tí CPU ní láti gbé kọ̀ǹpútà kan sínú òmíràn, wà ní títì, tàbí tó jẹ́ Linux 32-bit nìkan ló ń fi hàn yín, ẹ má yọ ọ́ kúrò kí ẹ tún un fi sí i. Inú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tan, ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ ṣí Task Manager ní Windows, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, ẹ ó rí Virtualization níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Disabled, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ wọ BIOS, kí ẹ ṣí i. Lórí Intel, VT-x tàbí Intel Virtualization Technology ni orúkọ rẹ̀. Lórí AMD, SVM Mode ni wọ́n sábà máa ń kọ. Bó bá ti wà ní Enabled, àmọ́ tí ẹ rí àwòrán ìjàpá aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀ fèrèsé VirtualBox, Hyper-V, irú VirtualBox tí Windows ní fúnra rẹ̀, ló ti gba ibẹ̀. Server á ṣì ṣiṣẹ́, yóò kàn falẹ̀ díẹ̀ ni. Fídíò pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ní kí ẹ pa oríṣiríṣi ààbò Windows nítorí ìjàpá yìí. Ẹ má dá wọn lóhùn. Fún ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ìyára díẹ̀ yẹn kò tó ohun tí a ń fi ààbò láptọ́ọ̀pù ṣòfò fún.

ISO tí dáònlóòdù rẹ̀ já lágbede méjì náà máa ń tan èèyàn jẹ, torí ó lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa kó tó dákú láàárín iṣẹ́. Níbi tí dátà ti wọ́n, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má fi àyẹ̀wò yìí ṣeré. Ẹ ṣí Command Prompt nínú fódà tí fáìlì náà wà, kí ẹ tẹ:

certutil -hashfile ubuntu.iso SHA256

Ẹ fi orúkọ fáìlì tiyín rọ́pò ubuntu.iso. Nọ́ńbà gígùn tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú fáìlì SHA256SUMS lórí ìkànnì Ubuntu mu délẹ̀délẹ̀. Ẹni tó bá ń lo Mac tó ní chip M1 tàbí tó tuntun jù ú lọ, ISO arm64 ni kó gbà. Amd64 kò wà fún un.

Láti VirtualBox 7.0, tó jáde ní 2022, ìdẹkùn mìíràn tún wà. Bí ẹ bá ti yan ISO tán, VirtualBox lè fẹ́ bá yín gbé Linux kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní bi yín ní ìbéèrè kankan. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ẹ ó wá bá orúkọ vboxuser àti páswọ́ọ̀dù changeme nínú server yín, ọjọ́ tí ẹ bá sì kọ́kọ́ tẹ sudo, àṣẹ tó ń fún yín ní agbára alábòójútó, yóò dáhùn pé vboxuser kò sí nínú sudoers. Ẹ ó wà nínú ilé tí ẹ ò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá VM (kọ̀ǹpútà inú VirtualBox) sílẹ̀, ẹ wá àpótí tí wọ́n kọ Unattended sí lára, kí ẹ rí i dájú pé ìgbékalẹ̀ náà kò ní dá ara rẹ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ Skip Unattended Installation ni wọ́n kọ, ẹ fi àmì sí i.

Ní ti RAM, ẹ má fún VM ju ìdajì ohun tí kọ̀ǹpútà ní lọ. Nínú 8 GB, 2 GB tó fún Ubuntu Server tí kò ní desktop (ojú aláwòrán bíi ti Windows). Ẹ má sì fi desktop kún un. Ojú dúdú tí ẹ̀ ń sá fún yẹn ni iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́.

Dísìkì tó kún láìjẹ́ pé ó kún

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ nípa èyí títí server wọn fi kọ̀ láti fi nǹkan tuntun sí i. Ẹ fún VM ní dísìkì 25 GB, ẹ gbé Ubuntu Server kalẹ̀, ẹ tẹ df -h láti wo àyè tó wà, ẹ bá bíi 11 GB péré. Ibo ni ìyókù lọ? Kò lọ síbì kan. LVM ni ètò tí Ubuntu ń lò fún dísìkì bí ẹ bá gba ohun tó dábàá, fún dísìkì tó tó báyìí, ìdajì nínú àyè LVM náà ló ń fún ètò gbòǹgbò (ibi tí Linux àti àwọn fáìlì yín ń gbé), tó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ohun tí ẹ lè fẹ́ fi ṣe lẹ́yìnwá. Èrò tó dáa ni fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Fún láptọ́ọ̀pù yín, ẹ gbà á padà:

sudo lvextend -l +100%FREE /dev/ubuntu-vg/ubuntu-lv
sudo resize2fs /dev/ubuntu-vg/ubuntu-lv

Àṣẹ méjèèjì ni kí ẹ tẹ̀. Àkọ́kọ́ ń fẹ àyè náà, èkejì ń jẹ́ kí fáìlì lè dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fi èkejì sílẹ̀ á tún tẹ df -h, á sì rí 11 GB kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ yẹra fún un látìbẹ̀rẹ̀, ẹ dúró ní ojú-ewé Storage, ẹ yan ubuntu-lv, kí ẹ fi kún ìwọ̀n rẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀

Láptọ́ọ̀pù tó ti ìlú ọba dé pọ̀ nílẹ̀ wa, kíbọ́ọ̀dù UK ló sì wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Ní ti UK, @ wà nítòsí Enter, àmì ọ̀rọ̀ àyọlò sì wà lórí 2. Ní ti US, ipò àwọn méjèèjì yí padà. Ètò ìgbékalẹ̀ Ubuntu á dábàá English (US), ẹni tó ń kánjú á tẹ Done.

Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ yan páswọ́ọ̀dù tó ní @ nínú. Ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n ya @ sí, àmọ́ àmì ọ̀rọ̀ àyọlò ni server gbà sílẹ̀, ẹ ò sì rí i torí páswọ́ọ̀dù kì í hàn. Nínú fèrèsé VirtualBox, ẹ ń wọlé dáadáa, torí bọ́tìnì kan náà lẹ̀ ń tẹ̀. Ó wá di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gba SSH, ọ̀nà tí a ń gbà wọ server láti kọ̀ǹpútà mìíràn, wọlé láti Windows tó mọ̀ pé UK ni kíbọ́ọ̀dù òun: @ gangan ni Windows fi ránṣẹ́, server ní Permission denied. Ẹ ó tún un tẹ̀ títí, ẹ ó sọ pé SSH ti bàjẹ́, ẹlòmíràn á tiẹ̀ pa server rẹ́. SSH kò ṣẹ̀.

Ẹ wọlé láti fèrèsé VirtualBox, ẹ kọ́kọ́ fi passwd yí páswọ́ọ̀dù sí èyí tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà nìkan, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ sudo dpkg-reconfigure keyboard-configuration láti yan UK. Ẹ má dojú ètò náà délẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ yí kíbọ́ọ̀dù padà, páswọ́ọ̀dù àtijọ́ yín ò ní gbà mọ́ níbi tí ọwọ́ yín ti mọ́ ọn.

Ẹnu ọ̀nà

Lójú-ewé kan nínú ìgbékalẹ̀, Ubuntu á bi yín bóyá kó fi OpenSSH server sí i. Kò sí àmì nínú àpótí náà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ máa fi sí i. Bí ẹ bá ti kọjá rẹ̀, sudo apt install openssh-server á tún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ibi tí mo ti rí i pé wọ́n ń dààmú jù. Ẹ tẹ ip a nínú server, ẹ rí àdírẹ́sì IP rẹ̀, 10.0.2.15, ẹ wá ń fi Windows wá a kiri títí tó fi ní Connection timed out. Ètò NAT ni VirtualBox ń lò bí ẹ ò bá yan òmíràn: server lè jáde lọ sí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹnì kankan níta kò lè wọlé tọ̀ ọ́ wá, títí kan Windows yín fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń gbà yín ni pé kí ẹ yí i sí Bridged, tó ń so server mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bíi kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀. Ó máa ń dáa nínú ilé tó ní router. Lórí hotspot fóònù, tí púpọ̀ nínú wa ń lò, ó sábà máa ń kọ̀, torí ọ̀pọ̀ Wi-Fi kì í gba kọ̀ǹpútà méjì láyè láti inú ẹ̀rọ kan.

Èyí tí mo fara mọ́ ni kí ẹ fi NAT sílẹ̀, kí ẹ ṣí Port Forwarding, tó ń darí ẹni tó bá kan ẹnu ọ̀nà kan lára Windows sí inú server, nínú ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì VM náà. Ẹ kọ 127.0.0.1 sí Host IP, 2222 sí Host Port, 22 sí Guest Port. Láti Windows, ẹ tẹ:

ssh -p 2222 orukọ@127.0.0.1

Orúkọ tí ẹ dá nínú server ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ẹ má fi Host IP sílẹ̀ lófìfo o. Bó bá ṣófo, ẹnikẹ́ni tó wà lórí Wi-Fi kan náà pẹ̀lú yín lè máa kan ilẹ̀kùn yẹn, bó bá sì jẹ́ Wi-Fi ilé-ìwé tàbí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ ò mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tan UFW, firewall tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà server, sudo ufw allow OpenSSH ló gbọ́dọ̀ ṣáájú sudo ufw enable. Bí ẹ bá ṣe é sódì lórí VM, fèrèsé VirtualBox á yọ yín. Lórí server tó wà lókè òkun, ẹ lè ti ara yín mọ́ta.

Iná lọ

Bí ẹ bá fẹ́ pa fèrèsé VM, VirtualBox á fún yín ní nǹkan mẹ́ta: kó tọ́jú ipò tó wà, kó ránṣẹ́ sí server pé kó pa ara rẹ̀, tàbí Power off. Power off kò yàtọ̀ sí kí NEPA mú iná lọ lójijì. Linux á sábà tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n dátábéèsì tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́ lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa tẹ sudo poweroff. Ẹni tó ń lo désíkítọ́ọ̀pù tí kò ní UPS, kó má fi ìmúdójúìwọ̀n sílẹ̀ kó máa lọ nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti ń ṣú.

Snapshot, ìyẹn ipò VM ní àkókò kan tí VirtualBox tọ́jú kí ẹ lè padà síbẹ̀, dáa, ẹ ya ọ̀kan lẹ́yìn tí ìgbékalẹ̀ bá parí tí ohun gbogbo mọ́. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Orí dísìkì kan náà ló wà pẹ̀lú VM, bí dísìkì bá kú, àwọn méjèèjì kú. Ẹ fi Export Appliance gbé VM jáde sí fáìlì OVA lórí dísìkì ìta. Ẹ má sì wọ fódà Snapshots lọ pa nǹkan rẹ́ torí pé ó ti tóbi, nítorí VM yín ń kà látinú àwọn fáìlì yẹn. Láti inú VirtualBox ni kí ẹ ti pa wọ́n rẹ́.

Nígbà tó bá yá, ẹ ó fẹ́ server méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ ó sì fi Clone, tó ń ṣe ẹ̀dà VM, ṣe èkejì. Ẹ yan kó fún gbogbo káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì) tuntun, síbẹ̀ ìyẹn nìkan kò tó. Ubuntu ń fi machine-id, nọ́ńbà ìdánimọ̀ server fúnra rẹ̀, bèèrè IP, clone sì ti jogún ti àkọ́kọ́, nítorí náà àwọn méjèèjì lè gba IP kan náà lórí Bridged. Nínú clone náà, láti fèrèsé VirtualBox:

sudo truncate -s 0 /etc/machine-id
sudo rm /etc/ssh/ssh_host_*
sudo dpkg-reconfigure openssh-server
sudo hostnamectl set-hostname server2
sudo reboot

Bó bá ti tàn padà, bí ẹ bá ń lo Bridged, ẹ tẹ ip a nínú méjèèjì kí ẹ fi wọ́n wéra, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan míì sórí wọn.