Ọjọ́ Méjì àti Epo Jẹnẹrétọ̀ Lórí Nọ́ńbà 42

₦80,000 tó ṣẹ́kù nínú owó iṣẹ́ mi ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé, nítorí nọ́ńbà kan.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn Yorùbá kan ní Kubwa, níbí ní Abuja, ni mo ṣe ìkànnì fún, kí oníkálukú lè máa wo owó tó fi pamọ́ àti èyí tó yá. Ọmọkùnrin kan ṣí ojú ewé tirẹ̀, ó rí 41 ní ìdí àdírẹ́sì, ó fi 42 rọ́pò rẹ̀. Gbèsè Alhaja akápò ló hàn gbangba. Kó tó dìrọ̀lẹ́, àwòrán rẹ̀ ti wọ WhatsApp ẹgbẹ́. Alhaja pè mí: “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kí o bá mi pàtẹ gbèsè?” “Ẹ má bínú, mà” ni mo ń sọ ṣáá.

Ẹ̀bi mi ni. Ilẹ̀kùn ìta nìkan ni mo tì: mo yẹ ẹni tó wọlé wò, mi ò bi í bóyá òun ló ni yàrá tó fẹ́ ṣí. Mo lè tún ojú ewé kọ̀ọ̀kan ṣe, àmọ́ mo mọ ara mi, n óò gbàgbé ọ̀kan. Mo bá gbé iṣẹ́ náà fún dátábéèsì (ibi tí ìsọfúnni ìkànnì ń gbé) fúnra rẹ̀. PostgreSQL, dátábéèsì tí mo lò, ti ní Row Level Security (ààbò fún ìlà kọ̀ọ̀kan) láti ẹ̀yà 9.5 tó jáde ní 2016: ẹ ó kọ òfin sórí table (àtẹ tí ìsọfúnni wà nínú rẹ̀ ní ìlà-ìlà), pé ẹni tí ìlà jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni kó rí i. Kíkọ ọ́ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò ní fìyẹn dá yín dúró.

Ibi tí ìyà ti jẹ mí nìyí. Mo kọ òfin tán, mo tẹ 42, Alhaja tún yọ. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Alhaja. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má rí nǹkan kan. Alhaja ṣì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú gbèsè wọn. Iná lọ, mo ra epo sí jẹnẹrétọ̀, iná dé, ó tún lọ. Ọjọ́ kejì ni mo tó ka ìwé ìlànà dáadáa (ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe): òfin yìí kì í mú ẹni tó ni table, orúkọ tí ìkànnì mi sì fi ń wọlé ni mo fi dá àwọn table náà. Mo yára kọ FORCE ROW LEVEL SECURITY, kí òfin lè mú ẹni tó ni table náà, mo rò pé ó parí. Parí kẹ̀! Orúkọ yẹn kan náà, postgres, tún jẹ́ superuser (ọ̀gá pátápátá nínú dátábéèsì), òfin kankan kì í sì í mú superuser.

Mo dá role (orúkọ tí a fi ń wọ dátábéèsì) tuntun tí kò ni table kankan, mo fún un ní ìwọ̀nba àṣẹ. Gbogbo ojú ewé bá ṣófo, tèmi gan-an kò yọ. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, torí òfin ti ń mú èèyàn nìyẹn. Ó kù kí ìkànnì máa sọ ẹni tó wọlé fún dátábéèsì. SET LOCAL ni kí ẹ lò, nínú transaction (àwọn àṣẹ tó ń ṣẹ pọ̀ bí ọ̀kan), kí orúkọ náà lè parẹ́ tí transaction bá parí. Bí ẹ bá lo SET lásán, tí connection (ìsopọ̀ ìkànnì mọ́ dátábéèsì) kan náà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, onítọ̀hún á jogún orúkọ ẹni tó lọ. Ká ní mo mọ̀ ni, role yẹn ni n bá kọ́kọ́ dá, òun náà ni n bá sì fi dán an wò, kì í ṣe postgres.

Ọmọkùnrin yẹn tún tẹ 42 níṣojú Alhaja, òfìfo ló bá. Wọ́n san owó mi, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ₦5,000 nínú rẹ̀. Wọ́n ní owó ojútì ni.