Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Òwò Iyọ̀ Àpò-Àpò

Iyọ̀ kì í rà bíi tòmátì, kò sí ilé tí wọn kì í lò ó, owó rẹ̀ kò sì ga. Ohun mẹ́ta yìí ló ń fa ọ̀pọ̀ èèyàn wọnú òwò rẹ̀ láìṣírò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́. Ká tiẹ̀ ní ilé ẹlẹ́ni márùn-ún ń jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, gíráàmù 750 péré ni lóṣù. Ọ̀rá kílò kan á lò wọ́n ju oṣù kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun nídìí iyọ̀ kò gbọdọ̀ jókòó de ẹni tó ń ra ọ̀rá kan. Ẹni tó ń ra odindi àpò ni kó lọ wá.

Oníbàárà ṣáájú ṣọ́ọ̀bù

Ilé búrẹ́dì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Àpò fúláwà 50 kílò kan máa ń gba iyọ̀ tó sún mọ́ kílò kan. Ilé búrẹ́dì tó bá ń po àpò mẹ́wàá lójúmọ́ á tán àpò iyọ̀ 50 kílò láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ mẹ́fà sàn ju ọgọ́rùn-ún ilé lọ. Lẹ́yìn wọn, ẹ lọ bá àwọn tó ń se oúnjẹ tà, àwọn tó ń ṣe áìsì bulọ́ọ̀kù (omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń mú omi dì nínú táǹkì wọn), àti àwọn alátẹ tó ń fi kóńgò wọn iyọ̀ tà. Ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè: àpò mélòó lóṣù, ọwọ́ ta ló ti ń rà á, ṣé owó lọ́wọ́ ni àbí àwìn? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe kókó jù lọ.

Ìwé

Ẹ fi orúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Bó bá jẹ́ iyọ̀ tí ilé iṣẹ́ ti dì ni ẹ ń tà, nọ́ńbà NAFDAC tiwọn tó wà lára àpò ti tó, ẹ sáà rí i dájú pé ó wà níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ bu iyọ̀ sínú ọ̀rá tí ẹ tẹ orúkọ ara yín sí, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ NAFDAC kí ẹ tó dáwọ́ lé e.

Ibi tí ẹ ó ti rà á

Iyọ̀ ìbílẹ̀ wà lóòótọ́: ó pẹ́ tí àwọn obìnrin ti ń sè é ní Keana ní ìpínlẹ̀ Nasarawa àti ní Okposi ní Ebonyi. Ṣùgbọ́n èyí tó kún ọjà wa, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, Brazil wà lára wọn, kí àwọn ilé iṣẹ́ bíi NASCON, tí iyọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Dangote, tó fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n sì dì í. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ń lọ sókè bí dọ́là bá gbówó lórí.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó má sáré lọ sí ilé iṣẹ́. Ọjà rẹpẹtẹ ni wọ́n máa fẹ́ kó rà, wọ́n sì lè béèrè onídùúró láti báǹkì. Ọwọ́ dísítríbútọ̀ tó wà nílùú yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ áyódìn wò, ìyẹn èròjà tí wọ́n ń fi sínú iyọ̀. Láti ọdún 1993 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan lára iyọ̀ jíjẹ nílẹ̀ wa, nítorí gẹ̀gẹ̀. Bó bá ń jáde nílé iṣẹ́, mílígíráàmù 50 ló yẹ kó wà nínú kílò kan. Lọ́jà, kò gbọdọ̀ dín ní 30. Omi àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń kán sórí iyọ̀: bó bá di àwọ̀ aró, áyódìn wà níbẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún ilé iṣẹ́ awọ kì í ṣe fún ọbẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Sítọ́ọ̀

Ibí ni owó ti ń ṣàn lọ. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mọ́ra. Lásìkò òjò, ìyẹn kò ṣòro rárá níhà tiwa. Àpò á kọ́kọ́ wúwo, omi á wá máa jò nídìí rẹ̀, áyódìn á bá a lọ. Nígbà tó bá fi gbẹ, ó ti di òkúta, kò sì pé 50 kílò mọ́.

Ẹ to àpò sórí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri. Ẹ fi tapólì bò ó, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn pa á. Kẹrosíìnì, ajílẹ̀ àti ọṣẹ kò gbọdọ̀ bá a gbé yàrá. Kọ̀ǹténà onírin wulẹ̀ ń tanni jẹ ni. Iyọ̀ á mú kó dípẹtà. Ẹ máa tètè ta èyí tó kọ́kọ́ wọlé. Bí ọjà bá dé, ẹ wọn àpò mélòó kan lójú awakọ̀, kí ẹ sì wo ibi tí ìkọ́ àwọn alábàárù ti lu àpò kó tó lọ.

Èrè àti àwìn

Ká ní àpò kan ń lọ ní ₦20,000, tí èrè orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦300 lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti owó alábàárù. Tírélà tọ́ọ̀nù 30 gba àpò 600, èrè rẹ̀ á jẹ́ ₦180,000. Bí oníbàárà kan bá kó àpò mẹ́wàá láwìn tó sì sá lọ, ₦200,000 ti lọ. Èrè odindi tírélà kò kájú rẹ̀. Lójú tèmi, àwìn kò yẹ oníyọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, àfi ilé búrẹ́dì tó bá ń san ti àná kó tó gba ti òní. Bí iyọ̀ nìkan kò bá san owó sítọ́ọ̀, ẹ pa á pọ̀ mọ́ ṣúgà tàbí fúláwà. Àwọn oníbúrẹ́dì kan náà ló ń rà wọ́n.

Ẹ ra èyí tó pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì dín in kù kí òjò tó le.

Ohun kan tún kù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ebola ti wọ Èkó, àhesọ kan gbòde pé kí èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún. Àwọn kan kú nídìí mímu rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, ẹ má fowó lé e, ẹ ta iye tí oníbàárà yín ti ń rà tẹ́lẹ̀ fún un, ẹ sì sọ fún ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe oògùn pé kò wo àrùn náà.