Bí a ṣe ń sẹ́ kaapi, kọfí àwọn ará Gúúsù Íńdíà

Kọfí tí àwọn ará Tamil Nadu, Karnataka àti Kerala ń mu láàárọ̀ kì í ṣe èyí tí a ń bu ṣíbí kan sínú omi gbígbóná kí a sì rò ó pọ̀. Sísẹ́ ni wọ́n ń sẹ́ ẹ. Omi gbígbóná á gba àárín kọfí lílọ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, á máa kán sísàlẹ̀. Ohun tó bá kán sílẹ̀ á dúdú, á ki, á sì korò. Ìyẹn ni wọ́n á wá bu díẹ̀ lára rẹ̀ sínú mílíìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó. Kaapi ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Dídúró dè é ló ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́.

Asẹ́ náà

Ife onírin méjì tó gun ara wọn lórí ni. Ti òkè ní ihò wínníwínní nídìí. Ti ìsàlẹ̀ kò ní ihò rárá, òun ló ń gba ohun tó bá kán. Irin pẹlẹbẹ kan tún wà tí a ń tì bọ inú ife òkè, ó ní ihò lára, ó sì ní ọ̀pá kékeré láàárín bí agbòjò. Òun la fi ń tẹ kọfí, òun ni kì í sì í jẹ́ kí omi tí a ń dà gbẹ́ kòtò sójú kan. Ọmọrí ló kẹ́yìn. Idẹ ni wọ́n fi ń ṣe asẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, irin tí kì í dípẹtà ló wọ́pọ̀ lóde òní. Ti idẹ lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí kò bá lè máa dán an kó má rà á.

Ra asẹ́ tó bá iye ẹni tó ń mu kọfí nínú ilé mu. Bí a bá bu kọfí ẹni méjì sínú asẹ́ ẹni mẹ́wàá, ńṣe ni yóò tẹ́ pẹlẹbẹ sídìí rẹ̀, omi á sì sáré kọjá láìrí nǹkan mú dání. Kọfí gbígbẹ gbọ́dọ̀ tó ìdá mẹ́ta ife òkè, tàbí kó sún mọ́ ìdajì. Kí o tó sanwó, gbé ife òkè sókè síbi ìmọ́lẹ̀: ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kó sì dọ́gba.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ṣọ́ọ̀bù Tooting àti Wembley ń ta asẹ́ yìí, nítorí àwọn tó ń sọ èdè Tamil pọ̀ níbẹ̀. L'Ékòó, ibi tí àwọn ará Íńdíà ń gbé, bí Ìlúpéjú, ni kí èèyàn ti kọ́kọ́ wá a lọ.

Kọfí àti ṣíkórì

Ohun tó mú kaapi yàtọ̀ sí kọfí ibòmíì ni ṣíkórì. Gbòǹgbò ewéko kan ni, tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n yan, tí wọ́n sì lọ̀. Kì í ṣe kọfí, kò sì ní kaféènì. Ó ń mú kí kọfí dúdú sí i, kó ki lẹ́nu, kó sì ní ìkorò kan tí adùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún máa ń fa omi mu, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí omi tètè sẹ́ tán. Ẹni tó bá fi kọfí lásán sínú asẹ́ yìí yóò rí i pé ó ń yára jù.

Nínú 100 gíráàmù, kọfí 80 àti ṣíkórì 20 ni kí olùbẹ̀rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń lo 70 sí 30, àwọn kan 60 sí 40. Tó bá ti kọjá 40, kì í ṣe kọfí lò ń mu mọ́, gbòǹgbò ni. Wọ́n máa ń kọ ìpín yìí sára páálí tàbí ọ̀rá tí wọ́n dì í sí. Ka ibẹ̀ kí o tó rà á. Ní Bengaluru àti Chennai, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà tó jẹ́ pé ojú rẹ ni wọ́n á ti wọn kọfí, tí wọ́n á lọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì po ṣíkórì mọ́ ọn ní iye tí o bá ní kí wọ́n fi sí i.

Orí òkè Chikmagalur àti Kodagu ní Karnataka ni púpọ̀ nínú wóró kọfí náà ti ń wá. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé àlùfáà Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Baba Budan ló mú wóró méje bọ̀ láti Yemen ní nǹkan bíi 1670, tó sì gbìn wọ́n sórí òkè kan ní Chikmagalur. Orúkọ rẹ̀ ni òkè náà ń jẹ́ títí dòní. Irú kọfí tí wọ́n ń pè ní àràbíkà ló ń fúnni ní òórùn dídùn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ròbọ́sítà ló ń fúnni ní agbára àti ìkorò, ọ̀pọ̀ ló sì ń po méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ròbọ́sítà tó dára ní ìhà Kabba, tàbí ní agbègbè Atakpamé ní Togo, kó má fojú di í. Yóò ṣiṣẹ́ dáadáa nínú kaapi. Wóró kan tún wà tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn púpọ̀, peaberry. Èso kọfí sábà máa ń ní wóró méjì tó kojú síra wọn bí awẹ́ obì gbànja. Èyí tó bá jẹ́ wóró kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, tó wá rí róbótó, òun ni peaberry.

Bí a ṣe lọ̀ ọ́ ṣe pàtàkì ju irú wóró lọ. Kó kúnná ju gaàrí Ìjẹ̀bú lọ, kó má sì kúnná tó èlùbọ́. Tí o bá fi ìka méjì fún un, ó yẹ kó ṣe ríṣíríṣí díẹ̀ bí iyọ̀ lílọ̀. Ra ìwọ̀nba tí o lè mu tán ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí o sì dé e pinpin, torí ṣíkórì máa ń gba ọ̀rinrin, á sì dì ní kókó.

Bí a ṣe ń sẹ́ ẹ

Fún ife méjì: ṣíbí ìjẹun 3 tó kún tó ga, nǹkan bí 24 gíráàmù, omi 150 mílílítà, mílíìkì 220 mílílítà, ṣúgà bí ẹnu bá ṣe fẹ́.

Rí i pé asẹ́ gbẹ. Bu kọfí sínú ife òkè, fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tẹ́jú, má fi ṣíbí gún un. Wá ki irin pẹlẹbẹ yẹn bọ̀ ọ́, kí o sì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ìyá àgbà ṣe ń fọwọ́ tẹ orí ìkókó. Kọfí kàn gbọ́dọ̀ jókòó ni, kò gbọ́dọ̀ dì. Fi irin náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Se omi títí yóò fi hó, gbé e kalẹ̀, kí o dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan kó tó kan kọfí. Omi tó ń hó lọ́wọ́ ń yọ ìkorò tí kò dára jáde. Omi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò lè yọ nǹkan kan, kọfí á ṣàn, á sì kan díẹ̀. Kọ́kọ́ da bíi ṣíbí ìjẹun 2 yí irin náà ká, ìwọ̀nba tí kọfí yóò fi rin. Dúró fún ìṣẹ́jú kan. Kọfí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan á wú díẹ̀, á sì máa tú afẹ́fẹ́ wínníwínní jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o da omi tó kù, díẹ̀díẹ̀, sí àárín irin náà. Dé e, kí o sì kúrò níbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, wàá máa gbọ́ ọ tó, tó, tó lórí irin ìsàlẹ̀. Bó bá ṣe ń kún, ohùn rẹ̀ á máa rọlẹ̀. Tí ara rẹ kò bá gbà á, gbé ife òkè sókè díẹ̀ kí o yọjú wo ìdí rẹ̀. Bí ó bá ń lọ dáadáa, ńṣe ni ẹ̀kán kọfí á so mọ́ ihò bí òógùn iwájú orí, á dúdú kirikiri, á wá já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń ṣàn bí òwú, ó ti yára jù. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀. Nínú omi 150 tí o dà sí i, nǹkan bí 100 ni wàá rí gbà, kọfí ló mu ìyókù. Ògidì nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì decoction ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè é, tí wọ́n yí ohùn rẹ̀ padà sí ti èdè wọn.

Mílíìkì

Mílíìkì màlúù tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀ ló dára jù. Gbé e kaná, má lọ jìnnà sí i; bó bá ti rú sókè báyìí, sọ iná kalẹ̀, yọ awọ tó bá dì lójú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni kó hó. Èyí tí a bá ń gbé kaná léraléra máa ń rùn bí nǹkan jíjóná. Àwọn ará Kumbakonam ní Tamil Nadu kò fi mílíìkì ṣeré rárá: “degree coffee” ni wọ́n ń pe tiwọn, àlàyé tí ọ̀pọ̀ sì ń ṣe ni pé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wò ó bóyá wọ́n bu omi la mílíìkì ni orúkọ náà ti wá.

Níbi tí mílíìkì tútù bá ti ṣòro, po 30 gíráàmù mílíìkì oníyẹ̀fun tó lọ́ràá mọ́ omi 200 mílílítà, kí o sì gbé e kaná kó gbóná dáadáa. Má bu ìyẹ̀fun rẹ̀ tààrà sínú ògidì, kókó ni yóò dì. Mílíìkì inú agolo tí kò ní ṣúgà náà á ṣe é, bí a bá fi omi ìwọ̀n kan náà là á, àmọ́ adùn rẹ̀ á yàtọ̀.

Pípò ó pọ̀

Tọ́ńbìlà àti davara ni wọ́n fi ń mu ún: ife irin gígùn tí etí rẹ̀ ṣẹ́ síta, kí ìka má bàa jó, àti abọ́ kékeré tó fẹ̀ tí ife náà ń jókòó sí. Bu ṣúgà ṣíbí kékeré kan tàbí méjì sínú ife, da ògidì bíi 40 sí 50 mílílítà lé e, kí o wá da mílíìkì gbígbóná bíi 110 sí i. Wá máa dà á láti ife sí davara, láti davara sí ife, bí ìyá ṣe ń da ẹ̀kọ gbígbóná láti ife kan sí èkejì fún ọmọ, kí o sì máa gbé ọwọ́ òkè sókè sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún ti tó. Ṣúgà á yọ́, ooru á rọlẹ̀ débi tí ẹnu yóò gbà á, ìfófó á sì bo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo àwọn mẹ́ṣàyí ẹ̀gbẹ́ títì níbi iṣẹ́ wọn ti mọ bí ọwọ́ ṣe ń lọ. Orí àwo ìfọbọ́ ni kí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ti kọ́ ọ.

Bí ó bá kọ̀

Bí ó bá sẹ́ tán ní ìṣẹ́jú 5, kọfí náà kò kúnná tó, tàbí ó kéré nínú asẹ́, tàbí o kò tẹ̀ ẹ́ rárá. A lè tún ògidì yẹn dà padà sórí kọfí náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í dà bí èyí tó ṣe déédéé, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a dà á nù.

Bí kò bá kán rárá, má tíì bínú sí kọfí. Gbé ife òkè sókè díẹ̀. Nígbà míì, ife méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra pinpin, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ kò ríbi jáde, omi òkè kò sì lè wọlé bá a. Bí o bá ti gbé e, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ohun tó ṣe é nìyẹn. Fi í sílẹ̀ kó fì díẹ̀. Bí kò bá tún ṣe é, fa irin pẹlẹbẹ náà sókè, kí o fi ṣíbí tú ojú kọfí náà díẹ̀. A lọ̀ ọ́ kúnná jù tàbí a tẹ̀ ẹ́ le jù nìyẹn, bí kò bá jẹ́ pé ihò ti dí.

Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá pọ̀ nídìí ife, ó kúnná jù náà ni. Jẹ́ kó sìlẹ̀, kí o rọra da ojú rẹ̀. Bí mílíìkì bá dì wáráwárá nígbà tí ògidì kàn án, mílíìkì náà ti fẹ́ bàjẹ́, tàbí ògidì àná tó sùn síta ti kan.

Ògidì tó bá tutù, má gbé e kaná láé. Gbé ife rẹ̀ sínú abọ́ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí kí o jẹ́ kí ooru mílíìkì tó o. Inú fíríìjì, nínú ìgò tí a dé, ó lè lo ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, òórùn rẹ̀ á ti lọ. Ọ̀pọ̀ ilé tún máa ń da omi gbígbóná bíi 80 mílílítà sórí kọfí tó kù nínú asẹ́ láti gba ògidì ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣàn ju ti àkọ́kọ́ lọ púpọ̀. Àwọn kan ń pò ó mọ́ ti àkọ́kọ́ nígbà tí àlejò bá ya wọlé lójijì. Kí ẹnikẹ́ni má fi òun nìkan ṣe kọfí fún ẹni tó mọ kaapi.

Fífọ asẹ́

Gbọn ìdọ̀tí kọfí dànù, fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdí rẹ̀ láti inú àti láti ìta. Ọṣẹ kì í ṣe ti ojoojúmọ́, torí òórùn rẹ̀ ń dúró sínú ihò. Bí ihò bá ń dí, gbé ìdí ife òkè náà sórí iná gáàsì fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, fi ẹ̀mú dì í mú, kí ohun tó há síbẹ̀ jó, kí o sì gbá a pẹ́pẹ́ nígbà tó bá tutù. Ti irin tí kì í dípẹtà nìkan ni kí o ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Wá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ bí o ṣe ṣe nígbà tí o fẹ́ rà á, kí o wò ó bóyá gbogbo ihò ló ṣí. Kó gbẹ tán kí o tó dé e.