Kí báńdì tó tún lọ sóde mìíràn: bí ẹ ṣe lè jókòó yẹ iṣẹ́ kálukú wò

Ọ̀pọ̀ báńdì tí mo mọ̀, tí wọ́n bá ti ṣeré tán lóde, wọ́n á tú irinṣẹ́, wọ́n á pín owó, ó parí nìyẹn, ó di òde mìíràn. Tí nǹkan bá dàrú lórí sìtéèjì, ọ̀gá á jágbe mọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù, ẹni yẹn á gbé e mì, tó bá di òde kejì nǹkan kan náà á tún dàrú níbi kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe báńdì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ jùjú, ì báà jẹ́ gòspẹ́lì, ì báà jẹ́ báńdì ṣọ́ọ̀ṣì yín, nípa bí ẹ ṣe lè jókòó lẹ́yìn eré kẹ́ ẹ wo iṣẹ́ ara yín láìjà. Ìbéèrè kan ló wà nídìí gbogbo ẹ̀: nígbà tí mò ń ṣe tèmi, ta ni mò ń gbọ́? Àwa tá a bá wà nínú báńdì, ohun tá a sábà máa ń bi ara wa ni “ṣé mo ṣe é dáadáa?”, ìyẹn ò sì lè tún báńdì ṣe, torí èèyàn mẹ́wàá lè ṣe tiwọn dáadáa kí orin náà má dùn.

Ẹ kọ́kọ́ nílò ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́. Ẹ wá fóònù méjì, ẹ gbé ọ̀kan sẹ́yìn onídírọ́ọ̀mù, ẹ fún ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán ní èkejì kó jókòó sáàárín èrò lọ́hùn-ún, ẹ pa nẹ́tíwọ̀kì wọn kí ìpè má baà já a, ẹ má sì gbé èyíkéyìí sórí sípíkà torí bààsì á bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Fóònù orí sìtéèjì á sọ ohun tẹ́ ẹ̀yin ń gbọ́, ti àárín èrò á sọ ohun tí ẹni tó pè yín ń gbọ́, àwọn méjèèjì kì í bára mu rárá, ẹnu á yà yín. Fídíò tí àwọn àlejò ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ò lè ṣe é, ẹni tó ń jó àti ẹni tó ń náwó ni wọ́n ń yà.

Ẹ má ṣe é lálẹ́ ọjọ́ yẹn o. Ó ti rẹ èèyàn, ebi ń pa wọ́n, àwọn kan ti mu nǹkan díẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ṣì wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré á di ìjà. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Kẹ́ ẹ sì jókòó bẹ́ ẹ ṣe máa ń dúró lórí sìtéèjì, àwọn elégbè lápá ibí, onílù lẹ́yìn, torí ibi tí èèyàn dúró sí wà lára ìdí tí ò fi gbọ́ ẹlòmíì. Mo ti rí báńdì tó jẹ́ pé gbogbo wàhálà tó wà láàárín onígángan àti olórin, sípíkà ńlá tó wà láàárín wọn ló fà á, wọ́n gbé e kúrò, ó tán.

Ẹ gbọ́ orin kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹ tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kí kálukú fi etí tẹ̀lé ẹlòmíì, kì í ṣe ara ẹ̀. Onígìtá tẹ̀lé bààsì, bààsì tẹ̀lé onídírọ́ọ̀mù, oníkíbọ́ọ̀dù tẹ̀lé àwọn elégbè, olórin tẹ̀lé gángan. Lẹ́yìn náà ẹ wá ní kí kálukú fi ẹnu kọ ohun tí ẹni tó tẹ̀lé yẹn lù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo ibí yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, ó rọrùn kò sì gba owó. Onígìtá tó ti bá onígìtá kejì ṣeré fún ọdún méjì, kó wá má lè fẹnu kọ nǹkan tí ìyẹn ń tẹ̀, a jẹ́ pé kò gbọ́ ọ rí nìyẹn, ó kàn ń dúró tì í ni.

Àwọn onílù dùndún wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí gìtá tó dé ilẹ̀ wa. Nínú agbo dùndún, ìyáàlù tí wọ́n so ṣaworo mọ́ létí ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń ki èèyàn, òun ló ń sọ ìgbà tí ìlù máa yí. Kẹríkẹrì, ìsáájú àti kànnàngó ń tẹ̀lé e, oníkálukú pẹ̀lú ìdáhùn tiẹ̀. Gúdúgúdú ló kéré níbẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ ọrùn, wọ́n á fi ọsán méjì lù ú, kì í ki ẹnikẹ́ni, kì í pòwe, nǹkan kan náà ló ń lù ṣáá. Àmọ́ ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ wò ó: ìyáàlù ò ní ríbi fẹsẹ̀ lé mọ́, àwọn tó ń jó gan á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

Nítorí náà, ní ìpàdé yín, ẹ bi ara yín pé ta ni gúdúgúdú wa? Nínú báńdì òde òní ó lè jẹ́ oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ alágogo, ó lè jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí onídírọ́ọ̀mù ń fi ọwọ́ ọ̀tún lù. Ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yìn, ẹ yìn ín lójú gbogbo èèyàn, kẹ́ ẹ dárúkọ ẹ̀, torí lóde wọn ò ní náwó fún un, wọn ò ní pè é wá síwájú, ọ̀pọ̀ ìgbà ìdí nìyẹn tó fi máa ń fẹ́ ṣe àrà, tó bá sì ṣe àrà gbogbo ilé á mì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ yín dúró, ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yín kanlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15 níbẹ̀rẹ̀ orin, ẹ tún kà á nígbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ 27 níbẹ̀rẹ̀ tó wá di 33, ẹ ti sáré gan nìyẹn, ẹ padà sẹ́yìn nínú ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá ibi tí eré yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ máa rí i pé ibi tẹ́nì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í náwó ni, inú gbogbo yín dùn, ọwọ́ yá, ẹ ò mọ̀.

Ti gìtá ńkọ́? Nígbà tí Túndé King ń ṣe jùjú l'Ékòó ní àwọn ọdún 1930, èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin péré ni wọ́n, òun pẹ̀lú bánjò, ẹni tó ń lu ìlù jùjú fúnra ẹ̀, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó ń gbè é lẹ́sẹ̀. Èèyàn mẹ́rin, kò sẹ́ni tí ò gbọ́ ẹnì kejì. Nígbà tí King Sunny Adé fi máa kó African Beats, báńdì ẹ̀, lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1983, wọ́n ti lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí sìtéèjì, gìtá lóríṣiríṣi, gángan lóríṣiríṣi, Demola Adepoju lórí gìtá Hawaii, síbẹ̀ wọn ò tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Ìdí ni pé gìtá kọ̀ọ̀kan di nǹkan kékeré kan mú, ó ń tún un tẹ̀, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ kí ti ẹlòmíì wọlé. Tí gìtá méjì bá wà nínú báńdì yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ tiwọn láìsí ìlù, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n ń bọ́ sí àyè ara wọn ni àbí wọ́n ń tẹ nǹkan kan náà léra wọn lórí. Tó bá jẹ́ ìkejì, ẹ̀gbọ́n kọ́ ló gbọ́dọ̀ borí o, kí ẹni tó bá rọrùn fún láti tẹ ohùn òkè lọ sókè, kó fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnì kejì.

Ẹ má gbàgbé àwọn tí kì í lu nǹkan kan. Ẹni tó ń gba orúkọ àwọn olówó lọ́wọ́ àlejò tó ń sọ ọ́ sétí olórin, ẹni tó ń ṣa owó, onísáùǹdì, dẹ́rẹ́bà tó gbé yín dé. Báńdì òde àríyá ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, tí wọ́n bá pe orúkọ ìyá ìyàwó tì, kò sí sólò tó lè tún un ṣe. Kí ẹni tó ń gba orúkọ wà ní ìpàdé náà, kó sọ ibi tí olórin ò ti gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí àmì kan. Onígángan náà gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ yẹn nígbà kan náà, àbí báwo ló ṣe máa ki èèyàn?

Ta ló yẹ kó darí ìpàdé? Mi ò rò pé ó yẹ kó jẹ́ olórin tó wà níwájú. Ẹ wo ti Fẹlá. Òun ló ń ṣe ètò ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn onígìtá àti àwọn afọnfèrè ń ṣe, ó máa ń kọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan, àmọ́ Tony Allen, onídírọ́ọ̀mù ẹ̀, ló ń wá ìlù tiẹ̀ fúnra ẹ̀, ọ̀gá ò kọ ọ́ fún un. Lekan Animashaun tí wọ́n ń pè ní Baba Ani, tó ń fọn sakisofóònù, tó ti wà lọ́dọ̀ Fẹlá láti 1965, òun náà ló wá ń ṣe olórí báńdì, tó ń rí sí i pé àwọn tó kù wà létòlétò. Ẹ rí i pé iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹni tí èrò ń wò, ẹni tó ń di ìlù mú, ẹni tó ń tún báńdì ṣe. Ẹ wá Baba Ani tiyín. Ẹni tó máa ń gbọ́ nǹkan tó pọ̀ ju èyí tó ń sọ lọ ni kẹ́ ẹ mú, ì báà má jẹ́ òun ló dàgbà jù.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí gan-an ló le jù lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ogún ọdún tó ń lu kóńgà ò lè la ẹnu sọ fún ẹ̀gbọ́n tó ń tẹ bààsì pé “ẹ ti pariwo jù”. Mi ò ní kó sọ bẹ́ẹ̀ o, àṣà wa ni. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nibi tí mo ti rí i ni pé àwọn kékeré ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn àgbà ló ń gbẹ̀yìn, tẹ́nu bá sì ti kan èèyàn, ohun tó gbọ́ ni kó sọ, kó sọ ìṣẹ́jú ẹ̀, kó má dárúkọ ìwà ẹnikẹ́ni. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, láti ìṣẹ́jú kẹrin mi ò gbọ́ ara mi mọ́.” Ẹ̀gbọ́n náà ò gbọdọ̀ ṣàlàyé lójú ẹsẹ̀, kó kàn ní “mo gbọ́”, kí wọ́n tún ibẹ̀ gbọ́ nínú fóònù. Fóònù ò mọ ẹ̀gbọ́n ò mọ àbúrò.

Ẹni tó fẹ́ràn kí gbogbo ojú máa wo òun wà nínú gbogbo báńdì, ẹ má lé e, ẹ fún un láyè tiẹ̀. Ẹ sọ ibi tí sólò ẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó máa fún un lámì pé kó padà wálé. Tó bá ní ibi tí wọ́n ti máa gbọ́ òun, á rọrùn fún un láti dákẹ́ níbi tó kù.

Ẹ tún ṣe pàṣípààrọ̀ ní rìhásà, kí onígìtá di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mú fún orin kan, kí olórin wá gbè. Ní Kúbà, níbi tí bàtá bá àwọn èèyàn wa dé, orí okónkolo, ìlù tó kéré jù, ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, kó tó kan itótele tó wà láàárín, kó tó wá kan iyá tó tóbi jù. Ẹni tó gun orí iyá ti mọ ohun tí ọwọ́ àwọn tó kù ń ṣe. Ó tún ní àǹfààní mìíràn: nígbà tí Igo Chico tó ń fọn sakisofóònù fi báńdì Fẹlá sílẹ̀ lọ́dún 1973, Fẹlá fúnra ẹ̀ ló gbé sakisofóònù tẹ́nọ̀ tó kọ́ ọ. Báńdì tiyín ò ní irú ẹ̀, nítorí náà kí gbogbo ipò ní ẹnì kejì tó mọ̀ ọ́n díẹ̀.

Ó ku owó, mi ò ní fò ó, torí kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ kálukú tẹ́ ẹ ò ní sọ ohun tó ń gbà. Tony Allen kúrò lọ́dọ̀ Fẹlá lẹ́yìn tí wọ́n ṣeré ní Berlin lọ́dún 1978, ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀tọ́ lórí orin sì wà lára ohun tó fà á. Onílù tó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà kan gbà á lọ́nà mìíràn, Haruna Ishola àti I.K. Dairo dá STAR Records, ilé iṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, sílẹ̀ lọ́dún 1969, àwọn olórin fúnra wọn ló ni ín. Báńdì kékeré ò lè dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó jáde lọ sóde: iye tí wọ́n san, iye epo àti jẹnẹrétọ̀, ohun tó kan kálukú, àti bí ẹ ṣe máa pín owó tí wọ́n bá ná. Kí gúdúgúdú yín mọ tiẹ̀ kó tó gbé ìlù kọ́rùn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá parí, ẹ mú nǹkan kan péré, kì í ṣe márùn-ún, ẹ kọ ọ́ sórí Wásáàpù yín pẹ̀lú orúkọ àwọn méjì tó kàn: “bààsì àti dírọ́ọ̀mù, ìparí orin kejì”. Kí àwọn méjèèjì pàdé láìsí àwọn tó kù, kí wọ́n lù ú títí tí kò fi ní dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ mọ́, kí wọ́n tó wá sí rìhásà. Tí òde bá wà ní Sátidé, ẹ rí i pé ó ti ṣẹlẹ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀, torí ọjọ́ Ẹtì ẹ máa ń sáré wá aṣọ àti ọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.